Ọba, Ẹgbẹ́ àti Ọ̀dọ́: Ẹni tí Orin Inú Àwo ń Bá Sọ̀rọ̀, láti Ọ̀dọ̀ Haruna Ishola dé Ọ̀dọ̀ Adewale Ayuba

Ìfáàrà

Ó pẹ́ tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń jiyàn lórí ipò tí ó yẹ kí á fi orin inú àwo sí nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Àwọn kan gbà pé ìjálá, ẹ̀sà, rárà, ẹkún ìyàwó àti irú wọn nìkan ni ó tó ewì alohùn í pè. Lójú wọn, orin àpàlà àti orin fújì kò ju ohun tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ olówó lọ. Àwọn mìíràn gba orin wọ̀nyí wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka ẹran nínú agbo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: òwe mélòó ni ó wà níbẹ̀? Àfiwé mélòó? Àwítúnwí mélòó? Bí wọ́n bá ti kà á tán, wọn a ní àwọn ti ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lára. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ti ìṣáájú kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí àgbà kan ní Ṣágámù fi lè ka orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí kò lè ka ẹsẹ mẹ́rin nínú ewì tí a kọ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé èkejì yóò kọ ìdáhùn tí ó bá gbogbo orin mu, tí kò sì ṣàlàyé ọ̀kankan. Mo ti ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ìwé àwọn tí ń múra ìdánwò. Bí a bá yọ orúkọ olórin kúrò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ Haruna Ishola ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ tàbí ti Yusuf Olatunji.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìbéèrè yòókù bí a bá fẹ́ yẹ orin inú àwo wò. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni orin yìí ń bá sọ̀rọ̀, níbo sì ni ó ti kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀? Bí a bá dáhùn èyí, a ó rí i pé ìhun orin, ìlò èdè rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ara wọn hàn.

Olórin méjì ni mo mú láti fi ṣe àlàyé. Èkínní ni Haruna Ishola, ọ̀gá nínú àwọn olórin àpàlà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a bí ní 1919, tí ó sì kú ní 1983. Èkejì ni Adewale Ayuba, olórin fújì, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí a bí ní 1966. Ọdún mẹ́tàdínláàdọ́ta ni ó wà láàrin ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti bí wọn kò jìnnà síra. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni ó ni àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ Mẹ́ta nínú Iṣẹ́ Olórin

Iṣẹ́ olórin tí ń gba orin sínú àwo pín sí ọ̀nà mẹ́ta: kíkọ orin, gbígba orin sílẹ̀, àti rírin ìrìn-àjò láti kọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Kò sí ilẹ̀ tí àwọn mẹ́ta yìí kò sí. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ni ó yàtọ̀ láti ibìkan sí ibòmíràn, ìyàtọ̀ náà a sì máa hàn nínú ọ̀rọ̀ orin.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òkèèrè. Orin onígìtá líle kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní metal. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ni Black Sabbath ti ìlú Birmingham, tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Irú orin yìí ti dé ìtòsí wa pàápàá, nítorí pé ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor wà ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, tí ń fi èdè Ewe àti ìlù ìbílẹ̀ wọn kọ ọ́. Àwo wọn tí a ń pè ní Zã Keli jáde ní 2019. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń kọ irú orin yìí ni pé olórin àti àwọn onígìtá rẹ̀ a kọ́kọ́ jókòó kọ orin, wọn a gbà á sílẹ̀, àwo a jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn a gbéra láti ìlú dé ìlú láti fi ojú han àwọn tí ó ti ra àwo náà, àti láti wá àwọn mìíràn tí yóò rà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ wò wọ́n ni ó ti mọ orin náà sórí kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún Haruna Ishola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní tiwọn, ìrìn-àjò ni ó ṣáájú. Òde àríyá ni olórin ti ń kọ orin: níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde, ìṣílé àti ìwúyè. Orin tí ó bá kọ ní òru ọjọ́ kan kò ní rí bákan náà ní òru ọjọ́ kejì, nítorí pé àwọn tí ó jókòó síwájú rẹ̀ ti yí padà. Gbólóhùn tí ó bá mú kí ènìyàn dìde jó, tí ó mú kí ọwọ́ bọ àpò, ni olórin yóò fi pamọ́ sínú orí rẹ̀. Gbólóhùn tí kò bá mi ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Nígbà tí ó bá ti ṣe èyí fún oṣù mélòó kan, ó lọ sí iwájú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bọ́ sínú àwo ni ohun tí òde ti yẹ̀ wò, tí ó sì ti yege.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fà yọ níhìn-ín ni pé àwo irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orin. Àkójọ ni. Ó jọ ìwé tí akéwì kó àwọn ewì tí ó ti kà fún àwọn ènìyàn jọ sí, ju bí ó ti jọ ìwé tí ó kọ nínú yàrá nìkan lọ.

Àwo Ọba

Gbígba orin Yorùbá sínú àwo kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alápàlà. Ní 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti gba àwọn orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ṣùgbọ́n orin ìsìn pọ̀ nínú ìyẹn, orin ìsìn a sì máa bá gbogbo ìjọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro tí ó dojú kọ Haruna Ishola yàtọ̀, nítorí pé oríkì ni ó jẹ́ egungun ẹ̀yìn fún orin àpàlà, oríkì sì ní ẹni tí ó ni ín.

Ní 1948 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ HMV. Ọba Adeboye, Orímólúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó fi àwo náà yẹ́ sí. Àwo náà kò tà. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1950, ọba náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú. Haruna tún orin Orímólúsì gbà sílẹ̀, àwo kejì yìí sì gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí ti ìṣáájú kò dé.

Ọba kan náà ni, olórin kan náà ni, ìlú kan náà ni. Kí ni ó dé tí èkínní fi kùnà tí èkejì fi yege? Àlàyé tí ó rọrùn ni pé láàrin ọdún wọ̀nyẹn, Haruna ti rin òde àríyá títí tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí á gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú lítíréṣọ̀ wò ó, àlàyé mìíràn tún wà.

Oríkì ọba tí ó wà láàyè nílò ọba náà ní ìjókòó. Bí akéwì ti ń kì í ni orí rẹ̀ ń wú, ni àwọn ìjòyè ń hó yèè, ni ìrùkẹ̀rẹ̀ ń lọ sókè. Ìdáhùn yìí jẹ́ ara ewì náà. Nígbà tí a bá wá gé oríkì náà kúrú sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, èyí tí ojú kan àwo ìgbà náà lè gbà, tí a sì gbé e lọ fún ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn tí kò mọ ọba náà rí, ẹni náà yóò gbọ́ ọ bí ẹni tí ń gbọ́ ìkíni tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1948, ọba ni orin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi owó ra àwo ń fi etí kọ́ ni.

Ikú ni ó yí èyí padà. Nígbà tí oríkì bá di orin arò, ẹni tí a ń kì kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ará Ìkòròdú. Gbogbo olùgbọ́ wá dọ́gba níwájú òkú. Ẹni tí kò mọ Orímólúsì rí mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí àgbà kú lójijì. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé, yàtọ̀ sí òkìkí tí olórin ti ní, àwo kejì rí olùgbọ́ tí èkínní kò ní. Ẹni tí ó ra àwo di ọ̀kan nínú àwọn tí orin ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí èyí fi kọ́ wa ni pé kò tó kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kókó orin kan ni "yíyin ọba." Ó yẹ kí ó sọ bóyá ojú ọba ni a ti ń yìn ín tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí èyí ṣe sí ọ̀rọ̀ tí olórin lò.

Àwo Ẹgbẹ́

Ní 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo, olórin jùjú, dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ní òpin àwọn ọdún 1970, Haruna tún dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàrin méjèèjì ni àwo tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ìyẹn Oroki Social Club, ní 1971. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ.

Orúkọ àwo náà yẹ ní àkíyèsí. Òròkí jẹ́ oríkì ìlú Òṣogbo. Ẹgbẹ́ aláfẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí, tí Haruna máa ń ṣeré fún ní ìlú náà, ni ó fi àwo náà yẹ́ sí. A sì gbọ́ pé eré rẹ̀ a máa gbà tó wákàtí mẹ́rin títí dé mẹ́wàá. Ẹni tí a ń kì ti kúrò ní ọba kan ṣoṣo, ó ti di àwùjọ. Oníṣòwò, akọ̀wé, awakọ̀, agbaṣẹ́ṣe àti alágbàtà ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kó jọ. Púpọ̀ nínú wọn kò bá oyè nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó sọ wọ́n di ẹni iyì.

Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún akéwì kò kéré. Oríkì orílẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọba, akéwì kàn ń fa á yọ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti kọ oríkì fún ẹni tí baba rẹ̀ ń roko, tí òun wá ń ta aṣọ? Olórin ni yóò kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Yóò bèèrè orúkọ ìyá, orúkọ àwọn ọmọ, àdúgbò, irú iṣẹ́ àti irú ọkọ̀. Yóò wá fi òwe àti ìmọ̀ràn dè wọ́n pọ̀, kí orúkọ tí kò ní ìtàn lè rí ìtàn jókòó lé. Lójú mi, èyí ni ìdí tí òwe fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àpàlà. Olùdánwò tí ó bá kà á pé òwe mẹ́wàá ni ó wà nínú orin kan kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn òwe náà ń ṣe. Nínú irú orin yìí, òwe ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìtàn ìdílé ń ṣe nínú oríkì ọba.

Àwo gbọọrọ tí ó wọ́pọ̀ ní àkókò yìí tún ràn án lọ́wọ́. Ojú kan rẹ̀ lè gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí náà olórin lè fi orin kan wọ inú òmíràn láìdúró, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní òde. Ààyè wá wà fún ìyípadà ohùn, fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, fún ìlù láti sọ tirẹ̀. Kò yẹ kí á wá ìhun ewì kúkúrú nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìhun rẹ̀ jọ ti ìrìn láti ojúlé dé ojúlé: olórin a dúró níwájú ẹnì kan, a kì í, a gbàdúrà fún un, a fi òwe kan ti ilẹ̀kùn, a sì kọjá sí ilé tí ó kàn.

Síbẹ̀, àléébù wà nínú ìlànà yìí, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin ìyìn inú àwo, orúkọ a máa tẹ̀lé orúkọ láìsí ohun kan tí ó so wọ́n pọ̀ ju owó lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ lónìí kò ní rí nǹkan dì mú, nítorí pé àwọn tí ó ni orúkọ náà ti lọ. Orin tí ó bá gbé ẹrù lé orúkọ nìkan yóò bá orúkọ náà lọ. Orin tí ó bá gbé ẹrù lé ọgbọ́n, tí orúkọ jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lásán, yóò dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń rántí àwọn kan nínú iṣẹ́ Haruna tí a sì ti gbàgbé àwọn mìíràn. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lò dípò kí wọ́n máa bèèrè bóyá olórin gba owó tàbí kò gba owó. Onírárà náà ń gba owó láàfin.

Àwo Ọ̀dọ́

Fújì jáde láti inú wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì ní oṣù Ramadan. Sikiru Ayinde Barrister, tí ó kú ní 2010, ni ó gbé e kúrò níbẹ̀ tí ó sọ ọ́ di orin òde. Wéré kò ní ẹni kan pàtó tí ó ń kì. Gbogbo àdúgbò ni ó ń jí. Ṣùgbọ́n bí fújì ti wọ òde àríyá, ó kọ́ ìwà àpàlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki olówó, ó sì tún fi ìjà orin kún un, pàápàá ní àwọn ọdún 1980 nígbà tí Barrister àti Kollington Ayinla ń fi àwo dá ara wọn lóhùn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn yóò gbọ́ orin náà tì.

Inú ayé yìí ni Adewale Ayuba ti Ìkẹ́nnẹ́ wọlé sí. Àwo tí ó gbé e ga ni Bubble, tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé jáde ní 1991. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbòde nígbà náà, ohun tí ènìyàn lè fi sínú àpò, tí awakọ̀ lè tẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ṣágámù yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ọrẹ̀ tí ó lọ sí Benin ti ń pàdé. Orin tí ó bá wọ inú ọkọ̀ ní Ṣágámù lè dé ìlú mẹ́ta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ta ni Bubble ń bá sọ̀rọ̀? Orúkọ àwo náà ti fi hàn wá. Kì í ṣe orúkọ ọba, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń lò fún fàájì ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè jó ni a pè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń fi ojú orin àwọn àgbà wo fújì, bá a lọ nítorí èyí. Ìṣáájú di ìkẹ́yìn níhìn-ín: àwo dé ibi tí olórin kò tíì dé, ìrìn-àjò wá tẹ̀lé àwo. Ìlànà tí a rí lọ́dọ̀ àwọn olórin ilẹ̀ Òyìnbó ti wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Èdè orin kò lè ṣàìyí padà. Bí olùgbọ́ kò bá ní orúkọ, oríkì kò rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí ó gba ipò rẹ̀ ni ègbè. Ègbè kúkúrú, tí a ń tún wí, tí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè bá wọn gbè lẹ́ẹ̀kejì, ni ó ń sọ àlejò di ará ilé. Àwọn lámèyítọ́ kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìfàsẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dínkù, ijó ti pọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ààyè kan. Bí a bá gbé fújì ọ̀dọ́ lé orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àpàlà Haruna, tí a sì wọn ìjìnlẹ̀ òwe nìkan, àpàlà ni yóò tẹ̀wọ̀n jù. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò pé. Àwítúnwí nínú orin tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wọlé kò rí bákan náà pẹ̀lú àwítúnwí nínú oríkì. Nínú oríkì, ó ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí a ń kì àti àwọn yòókù. Nínú ègbè fújì, ó ń pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ọnà-èdè kan náà ni, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rán an.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ayuba lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní òde ìnáwó àwọn Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Ìperu tàbí ní New York, ẹni tí ó bá náwó a máa fẹ́ gbọ́ orúkọ baba rẹ̀. Nítorí náà, olórin kan náà tí àwo rẹ̀ ń bá ẹni tí kò lórúkọ sọ̀rọ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ oríkì í kì bí ó bá dé òde. Nígbà tí ó yá, ó bá Adé Bantu, ọmọ Nàìjíríà àti Jámánì, ṣe iṣẹ́ tí a pè ní Fuji Satisfaction, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Kora ní 2005. Níbẹ̀, orin tún ń bá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá sọ̀rọ̀. Ohùn olórin, ìyẹn bí ó ṣe ń fà á, tí ó ń gbọ̀n ọ́n, tí ó ń jù ú sókè, ni irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ṣáájú ọ̀rọ̀. Àwa tí a gbọ́ èdè náà ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ ohùn náà tó nǹkan.

Ohun tí Àdàkọ ń Sọnù

Kí n tó sọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe, ó yẹ kí n mẹ́nu kan àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ nínú kíláàsì. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ da orin àpàlà kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin nìkan ni yóò kọ. Àwọn akíkanjú nínú wọn a kọ ègbè pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àpàlà ní olùsọ̀rọ̀ kẹta, ìyẹn ìlù. Haruna Ishola kò lo ohun èlò Òyìnbó. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà àti agídìgbo ni ó tò jọ. Nígbà tí olórin bá dákẹ́, ìlù kò dákẹ́. Ó lè tún ọ̀rọ̀ olórin sọ, ó lè fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, ó sì lè sọ ohun tí ẹnu kò fẹ́ sọ ní gbangba. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àdàkọ tí kò ní ọ̀rọ̀ ìlù dà bí ìwé eré onítàn tí a ti fa ọ̀rọ̀ òṣèré kan ya kúrò nínú rẹ̀.

Àmì ohùn ni ó tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "oko," "ọkọ," "ọkọ̀" àti "ọkọ́" bákan náà ti pa ìfọ̀rọ̀dárà olórin kí olùyẹ̀wò tó dé ibẹ̀.

Ìwúlò rẹ̀ fún Olùkọ́ àti Olùdánwò

Bí a bá gbé àdàkọ orin inú àwo síwájú akẹ́kọ̀ọ́, mo dámọ̀ràn pé kí ó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọnà-èdè:

(a) Ta ni olórin ń dárúkọ? Ṣé ẹnì kan ni, ẹgbẹ́ ni, tàbí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni?

(b) Ǹjẹ́ ẹni tí ó dárúkọ wà láàyè, tàbí ó ti kú, nígbà tí a gba orin náà sílẹ̀?

(d) Ìgbà wo ni àwo náà jáde, irú àwo wo sì ni? Ṣé ti ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, àwo gbọọrọ ni, tàbí kásẹ́ẹ̀tì?

(e) Ṣé òde ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ inú àwo, tàbí àwo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé òde?

(ẹ) Iṣẹ́ wo ni òwe, àwítúnwí àti ègbè ń ṣe fún ẹni tí orin náà ń bá sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè karùn-ún ni ó ni máàkì tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa láìkọ́kọ́ dáhùn mẹ́rin ìṣáájú. Kí olùdánwò má ṣe kọ ọ́ pé, "Olórin lo àwítúnwí láti fi ẹwà kún orin rẹ̀." Ẹwà kò ṣàlàyé nǹkan kan. Kí ó sọ ẹni tí àwítúnwí náà ń gbé ga, tàbí ẹni tí ó ń pè wọlé.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ní nǹkan bí ogójì ọdún, láti 1948 dé 1991, ẹni tí orin inú àwo ń bá sọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọba, ó ti di ẹgbẹ́, ó sì ti di ọ̀dọ́ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìhun àti èdè orin ti bá a yí padà. A sì ti rí i pé olórin kan náà lè ní olùgbọ́ méjì, ọ̀kan nínú àwo, ọ̀kan ní òde. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa bèèrè mọ́ bóyá orin inú àwo jẹ́ lítíréṣọ̀. Yóò máa bèèrè irú lítíréṣọ̀ tí ó jẹ́, àti bóyá olórin ṣe é dáadáa.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí kò ṣeé sún síwájú. Ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ ti há, kásẹ́ẹ̀tì ń jẹrà nínú àpótí, àwọn tí ó mọ ẹni tí olórin ń dárúkọ nínú wọn sì ń dágbére fún ayé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìperu àti ní Ìṣarà, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n lè sọ pé, "Lágbájá tí ó dárúkọ yẹn, ìdí ilé báyìí ni ó ń gbé, ohun tí ó ṣe tí wọ́n fi ń kì í bẹ́ẹ̀ rèé." Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí wọn pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ní ìsinmi tí ó ń bọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ, kí wọ́n kọ ìtàn, kí wọ́n bèèrè ohun tí ìlù ń wí. Bí a kò bá ṣe é nísinsìnyí, àwọn tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa yóò ní àwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.